Iná bíréèkì tó kú lápá kan: ẹ má tíì ra nǹkan kan

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá bá mi ní Láfẹ́ńwá, l'Abẹ́òkúta, pé iná bíréèkì òun kò tàn lápá òsì, ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Apá ọ̀tún ńkọ́?" Tó bá ní ìyẹn ń tàn dáadáa, iṣẹ́ ti dín kù. Fíùsì kò jó. Súwíìṣì orí pẹ́dàlì bíréèkì kò ṣe nǹkan kan. Bátìrì kò sí nínú ẹjọ́ náà rárá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti ta fíùsì àti súwíìṣì fún ẹni tó ni wọ́n, tí apá òsì sì ṣókùnkùn bó ṣe wà látẹ̀yìnwá.

Ríwáyà ni mí, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe awo. Ẹnikẹ́ni tó bá lè fi sukudiráfà tú nǹkan lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ níwájú ilé ara rẹ̀, kó tó wá gbé ọkọ̀ wá fún wa tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká a.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọ̀nà tí iná ń gbà. Ó kúrò lẹ́nu bátìrì, ó gba inú fíùsì tí wọ́n sábà ń kọ STOP sí lára ìdérí àpótí fíùsì, ó wá dé ìdí súwíìṣì kékeré tó wà lókè pẹ́dàlì. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, súwíìṣì yìí á so ó pọ̀, iná á sì gba ojú wáyà kan ṣoṣo lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀yìn yẹn ló ti dé oríta: ẹ̀ka kan gba òsì, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba iná kẹta tó wà láàárín, lẹ́bàá gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á la gílóòbù tirẹ̀ kọjá, á gba ara irin ọkọ̀ padà sí ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Ìpadàbọ̀ yìí là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ohun tó wà ṣáájú oríta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń jẹ ẹ́. Tó bá bàjẹ́, gbogbo wọn ló máa kú pa pọ̀. Nítorí náà, tí ẹyọ kan bá kú nígbà tí ìkejì ń tàn, ibi tí ẹ máa wá a sí kò ju ohun mẹ́rin lọ, ní apá tó kú yẹn nìkan: gílóòbù, hólúdà rẹ̀ (ibi tí ìdí gílóòbù ń wọ̀), ẹ́ẹ̀tì, tàbí wáyà tó ti oríta wá.

Ẹni tó ní ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì tún ní ẹlẹ́rìí kejì. Bí jíà bá ń kúrò lórí P nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, súwíìṣì yẹn ń ṣiṣẹ́, torí òun ló ń sọ fún jíà pé ẹsẹ̀ ti wà lórí pẹ́dàlì.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wọ́n, ṣebí méjì ṣì ń tàn nínú mẹ́ta. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ iná kẹta ti àárín di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, láti orí mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1986, ó sì wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín bí ọkọ̀ yín ṣe fẹ̀ tó. Nílùú olókè bíi tiwa, tí ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí bíréèkì tí èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn lálẹ́ á rí iná bíréèkì ti ọ̀tún àti ti àárín nìkan, á rò pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ yín parí sí, á sì fẹ́ gba apá òsì kọjá. Ibi tí ara ọkọ̀ yín wà gan-an nìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC, náà ka iná tí kò pé sí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, ọlọ́kadà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju wọ́n lọ.

Bí kò bá sí ẹni tó máa bá yín wo ẹ̀yìn, ẹ fi ìdí ọkọ̀ kọ ògiri nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kó má jìnnà sí i, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì wo ògiri náà nínú dígí. Tó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ wá igi ìgbálẹ̀ onígi tàbí pákó kékeré kan, ẹ fi há àárín àga àti pẹ́dàlì, kí ẹ wá rọra ti àga síwájú títí pẹ́dàlì á fi wọlé. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ kí ẹ tó ṣe é, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná bíréèkì ń tàn láì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Tí tiyín kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yí i sí ON, ẹ má sítáàtì rẹ̀.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ wò ó ná. Ìwòran yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í ní sùúrù fún. Ṣé ó kú pátápátá ni, àbí ó ń tàn bàìbàì? Ẹ tan iná páàkì, kí ẹ tún tẹ bíréèkì. Ẹ tan tràfíkétọ̀ (iná tí ẹ fi ń sọ pé ẹ fẹ́ yà) apá yẹn mọ́ ọn. Tí iná páàkì bá ń rẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tàbí tí tràfíkétọ̀ ń ṣẹ́jú tí iná páàkì sì ń bá a ṣẹ́jú, tàbí tí bíréèkì ń mú kí iná tí kò kàn án pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi gílóòbù sílẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì ni. Iná náà kò rí ọ̀nà tirẹ̀ padà sílé, ló wá ń gba inú gílóòbù onígílóòbù kọjá.

Tí kò bá sí irú ìranù bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gílóòbù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní búùtù, ẹ máa ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ búùtù sẹ́yìn, ẹ máa rí hólúdà, ẹ yí i díẹ̀ sí òsì, á yọ. Àwọn míì, nọ́ọ̀tì tàbí sukúrù ló mú gbogbo iná náà, ẹ ní láti tú u kó tó jáde. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá a mú, torí ẹni tó bá já a bọ́ sí orí kọnkéré á lọ ra iná odindi. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé, ẹ jẹ́ kó tutù. Gílóòbù bíréèkì ń gbóná débi tó fi lè bó ìka.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù lọ rèé: gílóòbù ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní okùn iná méjì nínú. Èyí tó nípọn, 21 wáàtì, ti bíréèkì ni. Èyí tó tín-ín-rín, 5 wáàtì, ti páàkì ni. Torí náà, ẹni tó bá ní "gílóòbù ò kú, iná páàkì ń tàn" kò tíì sọ nǹkan kan. Okùn kan lè já kí ìkejì máa jayé orí rẹ̀. Ẹ gbé e sókè kí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá okùn méjèèjì. Bí inú rẹ̀ bá dúdú bí ẹni pé èéfín wọ̀ ọ́, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Bó bá funfun bí ìyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ ló ti wọlé.

Ojú nìkan kì í tó, torí okùn míì lè já níbi tí a kò ti lè rí i. Ẹ yọ gílóòbù apá tó ń tàn, kí ẹ fi sí apá tó kú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Tó bá tàn, gílóòbù ló kú, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí kò bá tàn, ẹ kò ní ìdí láti lọ ra gílóòbù. Gbogbo gílóòbù tí wọ́n ń rà kí wọ́n tó ṣe pàṣípààrọ̀ yìí, oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fi owó náà ṣe lóore.

Bó bá di rírà, ẹ mú èyí tó kú lọ́wọ́ lọ. Ẹ fi ìdí wé ìdí. Ọ̀kan wà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin róbótó tó ní ẹ̀gún méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ̀gún kan ga ju ìkejì lọ: 1157 tàbí P21/5W ni wọ́n ń kọ sí i. Ọ̀kan wà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, 7443, òun ló pọ̀ nínú tòkunbọ̀ Toyota àti Honda. Ẹ má gbà kí wọ́n fi olókùn kan ti olókùn méjì. Wọ́n lè fi agbára tì í wọlé, á sì tàn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan á so ojú méjèèjì inú hólúdà pọ̀: ẹ tẹ bíréèkì, iná páàkì gbogbo ọkọ̀ á tàn, ti dáṣíbọ́ọ̀dù náà á bá a tàn. Ẹ tún wo ara rẹ̀ kí ó jẹ́ 12V. Inú páálí kan náà ni àwọn kan ń kó o pọ̀ mọ́ 24V ti ọkọ̀ akẹ́rù, tí ẹ bá sì fi ìyẹn sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bàìbàì ló máa tàn títí ayé.

Hólúdà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ tanná fóònù sínú rẹ̀. Bí ojú irin rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, omi ti ń wọlé. Ẹ ya sáńpépà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wé e mọ́ igi ìṣáná, ẹ fi fá a títí irin á fi dán. Bí irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ bá ti wọlé jù tí kò fọwọ́ kan ìdí gílóòbù mọ́, ẹ fi sukudiráfà tín-ín-rín rọra fà á jáde díẹ̀, pẹ̀lú fíùsì ní yíyọ kí ẹ má baà so iná pọ̀. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà hólúdà bá ti yọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó yọ́ kò ní di irin mú ṣinṣin mọ́, ibi tí kò bá sì dì mú ni ooru ti ń wá.

Ó kan ẹ́ẹ̀tì wàyí, níbi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, torí ní tèmi, òun ló ń pa iná ẹ̀yìn ọkọ̀ Abẹ́òkúta lẹ́yìn gílóòbù, àwọn oníṣẹ́ kì í sì í kọbi ara sí i torí kò sí ohun kan láti tà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀lé wáyà tó ti ẹ̀yìn iná yẹn jáde; ọ̀kan nínú wọn kì í lọ síwájú ọkọ̀, ó máa ń parí sí ara irin nítòsí, pẹ̀lú orí róbótó tí bóòtù fún mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà funfun tó ní ìlà dúdú ni. Nínú ọkọ̀ mìíràn, dúdú tàbí búráùn ló sábà jẹ́. Apá òsì máa ń ní tirẹ̀, ọ̀tún á ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi lè kú láì pa ìkejì.

Kí ló ń ṣe bóòtù yẹn? Ìpẹtà ni, tí omi òjò bá ti ń wọ búùtù. Èkejì ni kíkùn. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbá lẹ́yìn rí, pánẹ́ẹ̀lì bítà á tún un lù, pẹ́ńtà á fín ọ̀dà sí gbogbo ibẹ̀, wọ́n á wá dá bóòtù ẹ́ẹ̀tì padà sórí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Á tàn díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní torí ẹ̀gún bóòtù ṣì fi ara kan irin, bó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ kan ni iná ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ìṣekúṣe, mi ò tiẹ̀ mú tẹ́sítà, sípánà ni mo ń mú.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ wá wáyà kan tó gùn tó apá, ẹ bó ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi ẹnu kan kan ojú ẹ́ẹ̀tì ní ìdí hólúdà, ẹ fi ìkejì kan irin tí kò ní ọ̀dà, bóòtù ìdè búùtù dára fún un. Ẹ tẹ bíréèkì. Tí iná bá là gbàà, ẹ ti mú olè. Kí ẹ rí i dájú pé ojú ẹ́ẹ̀tì lẹ fi kàn o, kì í ṣe ojú iná. Ojú iná ló máa jó fíùsì, nígbà náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wá kú lóòótọ́.

Ẹni tó ní mítà lè ṣe é lọ́nà tó gbówó lórí. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù wà nínú hólúdà, ẹ yí mítà sí 20 lápá DC, ẹ fi ẹnu pupa kan ojú ẹ́ẹ̀tì hólúdà, ẹ fi dúdú kan irin tó mọ́ tàbí ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ́ẹ̀tì tó dára kì í ju nǹkan bíi 0.2 fóòtì lọ. Tí mítà bá pe 3 tàbí 5, ẹ́ẹ̀tì ń ti iná lọ́rùn. Tó bá pe 12, ó ti já pátápátá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ tú bóòtù náà, ẹ fi sáńpépà fá orí róbótó wáyà yẹn àti irin abẹ́ rẹ̀ títí tí wọ́n á fi dán, ẹ dá a padà kí ẹ fún un dáadáa, kí ẹ wá fi ọ̀rá tàbí Vaseline díẹ̀ pa á lórí kí omi má ráyè. Ẹ má kàn já wáyà náà kí ẹ fi sukúrù kan mọ́ pákó ìbòrí búùtù. Mo ti rí i. Rọ́bà ni pákó yẹn.

Bí ẹ́ẹ̀tì bá dára tí gílóòbù sì dára, ó ku wáyà. Ẹ lo gílóòbù 21 wáàtì kan tí ẹ so wáyà méjì mọ́ fún ìdánwò. Ó dára ju mítà lọ níbi yìí. Wáyà tí bàbà inú rẹ̀ ti pẹtà, tàbí tó ti já tó kàn ń fara kan ara rẹ̀ díẹ̀, lè ṣì fi 12 han mítà, torí mítà kì í bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Gílóòbù 21 wáàtì ń bèèrè nǹkan bíi 1.75 ámpù, irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò lè gbé e dáadáa. Ẹ fi wáyà kan sí irin tó mọ́, ìkejì sí ojú bíréèkì nínú hólúdà, kí ẹ tẹ pẹ́dàlì.

Ibi tí ó ti ń já jù ni ìdè búùtù, nínú ọkọ̀ tí iná rẹ̀ wà lára ìdérí búùtù fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, tí wọ́n bá pa á dé, wáyà á tẹ̀ níbi kan náà. Ẹ ká rọ́bà tó bò ó, kí ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ń nà bíi rọ́bà, bàbà inú rẹ̀ ti já, awọ nìkan ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé sípíkà ńlá sí, àti abẹ́ ibi tí jáàkì ń gbà yí kiri. Ọkọ̀ tó bá ti dúró pẹ́ sí àgbàlá, ẹ wo eku.

Tí ẹ bá fẹ́ so ó, ẹ má fi ìkan lọ́ mọ́ ìkejì kí ẹ wé tépù lé e. Ẹ fi òjé jó o, ẹ ki rọ́bà tó ń sún kì sí i, kí ìsopọ̀ náà má ṣe wà lójú ibi tó ń tẹ̀. Tó bá ju wáyà kan lọ, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìsopọ̀ náà dojú kọ ara wọn.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí òfin oríta kò mú. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, iná pupa kan náà ló ń ṣe bíréèkì tó sì ń ṣe tràfíkétọ̀. Nínú ìyẹn, iná bíréèkì ń gba inú ọwọ́ tràfíkétọ̀ abẹ́ sítíárìn kọjá kó tó dé ẹ̀yìn. Ẹ tan tràfíkétọ̀ apá tó kú. Tó bá ń ṣẹ́jú geere tí bíréèkì kò sì tàn, gílóòbù, hólúdà, ẹ́ẹ̀tì àti wáyà ẹ̀yìn ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ẹ padà síwájú, ọwọ́ tràfíkétọ̀ ló ti jẹ lójú kan. Àwọn ọkọ̀ Jámánì tuntun náà ń ṣe tiwọn: kọ̀ǹpútà ló ń bu iná fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ yẹ gílóòbù àti ẹ́ẹ̀tì wò bí mo ṣe sọ, tí méjèèjì bá dára, ẹ lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà fo o. Èyí tó bá jẹ́ LED kò ní gílóòbù tí a lè yọ. Ẹ fi gílóòbù ìdánwò yẹn wo bóyá iná àti ẹ́ẹ̀tì ń dé ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń dé, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló kú.

Tí ẹ bá tún máa gbé e wá fún ríwáyà, ẹ má kàn sọ pé "iná bíréèkì ò tàn". Ẹ sọ pé apá báyìí ló kú, apá báyìí ń tàn, a ti ṣe pàṣípààrọ̀ gílóòbù, kò sì yí padà. Oníṣẹ́ tó bá gbọ́ ìyẹn kò ní dárúkọ fíùsì fún yín.

Kí ẹ tó dá iná padà sáàyè rẹ̀, ẹ wo rọ́bà pẹlẹbẹ tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Bó bá ti gan tàbí tó ti ya, ẹ wá òmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò á tún wọ hólúdà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Bí ike pupa bá sán, ẹ fi gọ́ọ̀mù olómi dí i láti ìta, àmọ́ ẹ má dí ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀; ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń gbà jáde. Ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìwọ̀n, òsì díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, kí ike má baà là. Lẹ́yìn náà ẹ bu omi kún kórobá kan, ẹ dà á sí ojú iná náà láti òkè, kí ẹ ṣí búùtù, kí ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ yẹ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wò.